OMI GBÓNÁ TÓ DÍGÍRÌ 350, SÍBẸ̀ KÒ HÓ!

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ̀ pé omi orí iná, bó pẹ́ bó yá, á hó. Dígírì 100 ló ti ń hó. Ṣùgbọ́n omi kan ń bẹ nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì, nítòsí Mẹ́síkò, tó gbóná tó dígírì 350 tí kò hó rárá!

Lọ́dún 1979 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Alvin, wọ́n wọlẹ̀ tó mítà 2,600. Wọ́n rí omi dúdú tó ń tú jáde bí èéfín, wọ́n sì ki ọ̀pá ìwọn-ooru bọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n gòkè ni wọ́n rí i pé ike ara ọ̀pá náà ti yọ́! Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni, torí ike ni fèrèsé ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Kí ló dé tí kò fi hó? Omi tó máa hó gbọ́dọ̀ ráyè fẹ̀ kó tó di èéfín. Ẹrù omi òkè ló tẹ èyí mọ́lẹ̀, kò ráyè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò pírẹ́ṣọ̀: omi inú rẹ̀ á gbóná tó dígírì 120. Ẹ má fipá ṣí i o! Bí omi náà bá ráyè lójijì, ojú ẹni tó ṣí i ló máa tú sí. Ẹ jẹ́ kó tutù ná.