Okùn tí Newcastle so mọ́ gàárì

Ogun Marston Moor lọ́dún 1644 ló sọ William Cavendish, Máàkísì ìlú Newcastle, di ìsáǹsá. Àwọn ọmọ ogun Ilé Aṣòfin ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun ọba tó ń darí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni baba náà bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tó yá, ó fìdí kalẹ̀ sí Antwerp, ó háyà ilé tí Rubens ayàwòrán ti gbé rí, ó sì ń kọ́ ẹṣin níbẹ̀. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àmọ́ ìfẹ́ ẹṣin kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ọdún 1658 ni ìwé ńlá rẹ̀ jáde lédè Faransé. Lára ohun tó ń fi yangàn níbẹ̀ ni okùn ìjánu kan tó ní òun lòun gbọ́n ọn dá. Ìdí okùn náà wà lára gàárì. Orí rẹ̀ gba inú òrùka tó wà lára ohun tó yí imú ẹṣin ká, ó wá padà sọ́wọ́ agẹṣin. Bí agẹṣin bá fà á díẹ̀, agbára rẹ̀ ń di ìlọ́po nídìí òrùka yẹn, orí ẹṣin á sì yí sínú. Newcastle fẹ́ kí ọrùn rọ̀, kí èjìká sì tú. Ẹ ṣàkíyèsí pé imú ló fi okùn náà mú, kì í ṣe ẹnu.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ wá irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Antoine de Pluvinel, tó kọ́ Louis Kẹtàlá ọba Faransé lẹ́ṣin gígùn, a máa so ẹṣin sáàárín òpó méjì, kó lè kọ́ bí yóò ṣe máa gbẹ́sẹ̀ sókè lójú kan láìsí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Òpó méjì bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin tó lókìkí ní Vienna.

Ẹni tó jèrè ọgbọ́n Newcastle jù lọ ni ẹni tó pa okùn rẹ̀ tì. François Robichon de la Guérinière, olùkọ́ ní Tuileries ní Paris, bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ó rí i pé yíyí po nínú òbíríkítí, bí Newcastle ṣe ń ṣe, ń da ìwúwo ẹṣin sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ó gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sẹ́bàá ògiri: ẹṣin ń lọ tààrà, èjìká rẹ̀ yà wá sínú díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà nínú sì ń wọlé sábẹ́ ikùn. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìjókòó agẹṣin ló fi ṣe é. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1733 ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé ní Vienna.

Síbẹ̀, okùn náà kò kú. Òrùka ìjánu ẹnu ni ọ̀pọ̀ ń fi í gbà báyìí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́, torí ahọ́n àti èrìgì ló ń gba gbogbo agbára ìlọ́po yẹn. Ẹṣin tó ń sá fún ìrora á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Lójú òpè, ó ti gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kankan.

Ohun èlò tó ń jẹ́ orúkọ Nelson Pessoa, ìlúmọ̀ọ́ká ará Bràsíl nínú fífi ẹṣin fo odi, kò gbàgbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní tirẹ̀: okùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ìdí ẹṣin kọjá, ilẹ̀ ni olùkọ́ sì dúró sí.

Àjọ FEI, tó ń ṣàkóso eré ẹṣin lágbàáyé, ti fòfin de irú okùn Newcastle nínú ìdíje dressage, níbi tí ẹṣin ti ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn níwájú adájọ́. Ẹni tó bá lò ó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Kí ìṣọ́ra kan náà dé pápá ìdánrawò, níbi tí adájọ́ kò sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà nìkan máa lò ó, kó sì dẹ okùn ní kété tí ẹṣin bá ti gbà.