Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Ya Fótò Aláìsàn Yín

 Ọ̀rọ̀ tòní kan ìlera, ó sì kan ọjà. Ó kan tẹlifóònù tó wà lápò yín. Tí ẹni yín bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ṣé ó yẹ kí ẹ ya fótò rẹ̀? Tí ẹ bá yà á, ta lẹ máa fi ránṣẹ́ sí?

Kí n tó máa gba yín nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Gàrí ni ìyá mi ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan wà tí wọ́n máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, wọ́n á tà á tán kí wọ́n tó dá owó padà. Òun náà ló ń gba àjọ fún àwọn ìyá tó jókòó yí i ká lọ́jà. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Ohun tí gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé ni pé Ìyá Alágàrí wà láàyè, ara rẹ̀ sì le.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ibà gbé ìyá mi dè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti fa omi sí i lọ́wọ́, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú kó lè mí dáadáa. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ìró rẹ̀ ò dúró dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Libreville pè mí, ó ní, "Fi ojú ìyá wa hàn mí kí n mọ bó ṣe rí, kí n lè wá owó." Mo ya fótò. Ìyá mi ń sùn, mi ò jí i, mi ò bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ní èrò burúkú. Ó gbé fótò náà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti ẹbí wa kí gbogbo wa lè dá owó. Ẹnìkan nínú ẹbí gbé e sí status rẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn bá wa gbàdúrà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà fi máa pé, fótò náà ti débẹ̀ ṣáájú. Láàárọ̀, wọ́n ní Ìyá Alágàrí ò ní yè é. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ní ó ti kú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá alájọ dé ilé wa, wọ́n ń sunkún owó wọn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ ra gàrí níbòmíì. Àwọn mẹ́ta tó jẹ gbèsè dákẹ́. Ara ìyá mi ti ń yá lásìkò yẹn o! Wọ́n ti yọ rọ́bà nímú rẹ̀, ó ti ń mu ẹ̀kọ. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wa ló wá kí i, tó rí i tó jókòó, tó sì bú sẹ́kún. Ìyá mi ní kí ló dé. Obìnrin náà fi fótò hàn án.

Ìyá mi wò ó títí. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, orí mi ò wé gèlè, o sì fi hàn wọ́n?"

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo rò pé owó ni mò ń wá fún un. Mi ò mọ̀ pé mo ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mi ò lè dá padà.

Kí ló yẹ kí n ti ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ bí ìyá wa ṣe rí. Ǹ bá dúró kó jí, kí n fi tẹlifóònù sí i létí kó sọ gbólóhùn méjì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ ohun tí owó máa ṣe. Ǹ bá ya fótò ìwé oògùn tí dókítà kọ, ìyẹn ordonnance, pẹ̀lú ìwé iye owó tí wọ́n fún wa níbi oògùn. Ìwé yẹn ń sọ iye tí a nílò. Ojú aláìsàn kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ aláìsàn àti àìsàn rẹ̀ lè hàn nínú ìwé náà, nítorí náà ẹni tó máa sanwó nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Mi ò sọ pé fótò burú. Àwọn fótò kan wà tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ ya carnet ìlera, nítorí òjò lè bà á jẹ́, ó sì lè sọnù lọ́nà. Ẹ ya páálí oògùn tí aláìsàn ń lò nílé, kí dókítà lè mọ ohun tó ti wà lára rẹ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, tí ẹ sì lè ya ejò náà láti òkèèrè, fótò náà lè wúlò fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má lé ejò, ẹ má sì tìtorí fótò pẹ́ kí ẹ tó gbé ẹni náà lọ. Egbò pàápàá, bí irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìtọ́jú egbò Buruli ní Pobè, fótò lè fi hàn bóyá ó ń jinná tàbí ó ń fẹ̀ sí i. Kìkì pé ẹ má tìtorí fótò tú ohun tí wọ́n fi di egbò. Ẹ dúró kí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tú u, kẹ́ ẹ gba àyè lọ́wọ́ òun àti aláìsàn.

Báwo la ṣe ń béèrè? Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún aláìsàn: ẹni tó máa rí fótò náà, ohun tó máa hàn nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Kí ẹ sì fi hàn án lẹ́yìn tí ẹ bá yà á. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, kò tíì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Tí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ fi tẹlifóònù sápò, àfi tí dókítà bá ní òun nílò fótò láti fi tọ́jú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ bi ìyá àti bàbá rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn aláìsàn yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun ò mọ̀ yín, kò sì ní kí ẹ gbé òun lọ sí Àbíjàn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní Benin, Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò gan-an. APDP ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o. Togo náà ní òfin tirẹ̀, 2019-014, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ ó fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fótò. Ẹ lè pa á rẹ́ lórí tẹlifóònù tiyín, ẹ ò lè pa èyí tí ẹlòmíì ti fi pamọ́ rẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìyá mi máa lọ ilé, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ó yá, yà mí báyìí. Fi sínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà, kí àwọn tó jẹ mí lówó mọ̀ pé mò ń bọ̀." Méjì san owó rẹ̀. Ìkẹta ní òun ti kó o fún ọmọ ẹbí wa kan fún ìnáwó òkú. Títí dòní, a ò mọ ọmọ ẹbí náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jókòó lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí. Àkọ́kọ́, fótò aláìsàn wo ló wà lórí tẹlifóònù yín lónìí, ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà? Èkejì, tí ẹbí tó wà lókè òkun bá ní kí ẹ fi aláìsàn hàn òun, kí lẹ lè fi ránṣẹ́ tí kò ní bu ọlá ẹni náà kù? Ẹ̀kẹta, tí ìròyìn ikú bá dé ọjà, ta ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi kí ẹ tó tún un sọ?

Ọlọ́run á wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.