Omi Adágún Ẹja Tí Ó Di Àwọ̀ Ewé

Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi adágún ẹja rí. Ní àyíká Àjàṣẹ́ àti lẹ́bàá odò Ouémé, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin epìyà àti ẹja àrọ̀. Bí omi wọn bá di àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ oúnjẹ fún ẹja, ó sì lè jẹ́ ewu.

Ewé omi ni ó ń fa àwọ̀ náà. Àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè é ní algue. Kò ní gbòǹgbò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìgbẹ́ ẹran àti àjẹkù oúnjẹ ẹja ni ó fi ń dàgbà.

Irú mẹ́ta ni ó yẹ kí olùsìn ẹja dá mọ̀.

Èkíní kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Epìyà ń jẹ ẹ́. Kí olùsìn ẹja ki apá bọ omi, kí ó tẹ́ ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá kí omi tó dé ìgbọ̀nwọ́, ewé omi ti pọ̀ jù.

Èkejì dà bí òwú. Bí a bá fi igi gbé e, yóò rọ̀ mọ́ igi náà bí irun. Ọwọ́ tàbí ràkè ni a fi ń kó o kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ó léwu jù. Ó ń léfòó bí ọ̀dà tí ó dà sójú omi, ó sì máa ń rùn. Bí a bá ki igi bọ̀ ọ́, yóò kun igi náà bí ọ̀dà, kò ní rọ̀ bí òwú. Òmíràn nínú irú èyí ní májèlé tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí a bá tilẹ̀ se omi náà, májèlé kò ní kúrò. Nítorí náà, kí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn má ṣe mu ún.

Ní ọ̀sán, ewé omi ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́. Ní òru, òun náà ń mí, ó sì ń bá ẹja pín èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí ẹja fi máa ń yọ ẹnu sókè omi ní ìdájí. Ẹja àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òde, ṣùgbọ́n epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òru kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn.

Bí àmì yìí bá hàn, kí a dá oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹran dúró. Kí a dín omi àtijọ́ kù, kí a sì fi omi tuntun kún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn apakoríko sí i. Ewé omi tí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹrà, yóò gba afẹ́fẹ́ tí ó kù, májèlé inú rẹ̀ yóò sì tú sínú omi.

Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Kí oúnjẹ tí a ń fún ẹja jẹ́ ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán lójú ẹni, kí ilé ẹran sì jìnnà sí adágún.