Ẹ bo ìgò, kí ahọ́n sọ òótọ́: bí ẹ ṣe lè yan wáìnì fún ìtọ́wò nílé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: iye owó ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mọ wáìnì tó dáa. Tí wọ́n bá gbé ìgò olówó ńlá kalẹ̀ níbi ìnáwó, ta ló máa sọ pé òun ò gbádùn ẹ̀? Owó ń lọ, ṣùgbọ́n a ò mọ ohun tí ahọ́n wa fẹ́ gan-an. Ọ̀nà kan tí mo mọ̀ láti fi mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ pe ọ̀rẹ́ bíi mẹ́fà wá sílé, ẹ bo ìgò, kí kálukú tọ́ ọ wò láìmọ orúkọ ẹ̀.

Kì í ṣe eré ọmọdé o. Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì nílùú Paris, ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí àwọn onímọ̀ ọtí ilẹ̀ Faransé mẹ́sàn-án tọ́ wáìnì Faransé àti ti California wò láìrí ojú ìgò. Chateau Montelena ló gbégbá orókè nínú funfun, Stag's Leap Wine Cellars nínú pupa. California ni méjèèjì ti wá!

Yíyan ìgò gan-an niṣẹ́ wà. Tí ẹ bá kó pupa, funfun àti èyí tó ń hó pọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan fi wéra. Ohun kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àjàrà kan náà láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ mú Sauvignon Blanc: ọ̀kan láti South Africa, ọ̀kan láti Chile, ọ̀kan láti Marlborough ní New Zealand, ọ̀kan láti Sancerre ní Faransé. Wọn kì í sábà kọ orúkọ àjàrà sára ìgò Sancerre, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń ṣe funfun ibẹ̀. Òórùn ti Marlborough sábà máa ń ta síni nímú bíi koríko tútù. Ti Sancerre máa ń rọra, ó sì ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Tó bá jẹ́ pupa lẹ fẹ́, ẹ wá Syrah ti Faransé àti Shiraz ti Australia. Orúkọ méjì, àjàrà kan.

Ìgò mẹ́rin tó. Tó bá pọ̀ jù, ahọ́n á kú. Ìgò 750ml kan á kárí èèyàn 15 tí ẹ bá ń da 50ml sínú ife. Ẹ jẹ́ kí owó wọn súnmọ́ra, àfi ọ̀kan tó pọ́ọ́kú, kí ẹ fi há àárín wọn. Ẹ dá owó jọ, kí ẹnì kan ṣoṣo lọ rà á.

Kí onítọ̀hún ṣí gbogbo ẹ̀ ní kíṣìnì, torí kọ́ọ̀kì àti ìdérí ń ṣòfófó. Kó fi ìbọ̀sẹ̀ tàbí ìwé ìròyìn wé ìgò, kó kọ nọ́ńbà sí i. Ooru Èkó ò dáa fún pupa, ẹ fi sí fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 30. Ife kan náà, omi, búrẹ́dì lásán. Ẹ fi súyà dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí, ata á pa ahọ́n. Kẹ́ni tó máa wa mọ́tò má mu o.

Pàtàkì jù: kí kálukú kọ èrò ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Tí ọ̀gá mo-mọ̀-ọ́n-tán inú yín bá kọ́kọ́ lanu, gbogbo yín lẹ máa tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà tó ń mu ẹmu kì í ka àkọlé lára akèrègbè. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì sọ fún ẹ bóyá ẹmu ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá tú ìbọ̀sẹ̀ kúrò, ẹ kọ orúkọ èyí tó wọ̀ yín lára jù àti iye tí wọ́n rà á. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà nígbà míì.