Ṣé O Mọ̀? Yógà, Òógùn àti Píọ̀ Wọ́tà l'Ájàngbádì

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè ṣe yógà nínú yàrá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú gbóná? Bikram ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ kan: ìdúró 26, ìṣẹ́jú 90, ooru tó tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìwọ tó o tẹ́ ẹní sí pálọ̀ l'Ájàngbádì, ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí iná lọ, tí fáànù dákẹ́, ọ̀fẹ́ ni tìẹ.

Ṣé o mọ̀ pé òógùn tó ń kán tótó sórí ẹní kì í tu ara? Èyí tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ agbègbè ọ̀sà bíi Ọ̀jọ́ ti mu omi yó. Wo aṣọ tó o sá láàárọ̀ nígbà òjò, tó o fọwọ́ kàn lálẹ́, tó ṣì tutù. Bí aṣọ ò bá gbẹ, òógùn náà ò ní tètè gbẹ: omi ń lọ, ooru ò lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ̀n kílò lè sọ iye omi tó o pàdánù? Gun orí ẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ṣe tán, nu òógùn, kó o tún gùn ún. Kílò kan tó dín, bíi lítà kan òógùn ni.

Ṣé o mọ̀ pé píọ̀ wọ́tà fúnra ẹ̀ ti tó wọn omi? Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, báàgì tó ní ogún ọ̀rá jẹ́ lítà 10. Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ACSM, gbà wá níyànjú pé ká mu mílílítà 5 sí 7 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Ẹni tó bá wọn kílò 70, kò ju ọ̀rá kan lọ. Fún kílò kan tó bá dín lẹ́yìn náà, wọ́n ní lítà kan ààbọ̀: ọ̀rá mẹ́ta, ní díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o mọ ìdí tí kì í fi í ṣe ìgbà tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló yẹ kó o mumi? Gbé ọ̀rá méjì mì, kó o wá dorí kodò. Ìwọ àti inú ẹ lẹ máa jọ sọ ọ́. Láàárín ìdúró kan sí èkejì, ẹnu kan, ẹnu kan ti tó. Wo nọ́ńbà NAFDAC, ṣan ara ọ̀rá náà kó o tó fi eyín já a, kó o sì dà á sí kọ́ọ̀bù: ọ̀rá tí wọ́n ti já kì í dá dúró.

Ṣé o mọ̀ pé omi lè pọ̀ jù? Níbi eré ìje Boston Marathon ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò. Iyọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, pàápàá àwọn tó mumi títí wọ́n fi wúwo sí i.

Omi àgbọn ńkọ́? Àgbọn kún ọ̀nà Àgbádárìgì, omi rẹ̀ sì ní pọtáṣíọ̀mù dáadáa, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí òógùn ń kó lọ kéré nínú ẹ̀. Oúnjẹ tó níyọ̀ lẹ́yìn eré ló ń dí ihò náà.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ̀ máa ń sọ òótọ́? Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dáa. Tó bá dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, mumi.

Ṣé o mọ̀ pé 21 June ni Àyájọ́ Yógà Àgbáyé? Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i ní 2014, ọdún 2015 sì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. L'Ékòó, oṣù òjò gidi ni June. Òǹgbẹ kì í gbẹni bíi ti ọ̀ẹ̀rùn, aṣọ eré á sì rin gbingbin. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o ṣọ́ra: òjò ń rọ̀ níta, omi ń tán nínú.