Ọgọ́sàn-án: Luke méjì àti sáà líìgì ọfà àfọwọ́jù ti ọdún 2024

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí ọdún 2024, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ó gbé orí lé tábìlì nígbà tí mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ó ní, “Monsieur, ẹ má bínú, fléchettes ni mo wò lálẹ́ àná, mi ò sì rí oorun sùn lẹ́yìn rẹ̀.” Ó yà mí lẹ́nu, nítorí n kò mọ ilé kan ní àdúgbò wa tí a gbé pátákó eré náà kọ́. Mo ní ṣé eré lásán ni ó gba oorun lójú rẹ̀. Ó wolẹ̀. Ó ti fi 2 000 sẹ́fà, owó oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, ta tẹ́tẹ́ pé Luke Humphries ni yóò borí. Luke ni ó borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Luke kejì ni, Luke Littler, ọmọ ọdún 17, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ tí ó dúró níwájú mi lọ.

N kò bá a wí púpọ̀. Ẹni tí ebi ọ̀sẹ̀ kan ń dúró dè kò nílò ìbáwí mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí náà ni mo ṣe jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn tí mo wo eré náà fúnra mi, tí mo sì ka ìtàn sáà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ju ohun tí mo ń wá lọ, òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Pátákó róbótó kan ni, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí a fi fọ́nrán ewé sisal tí a fún pọ̀ ṣinṣin ṣe, kí ọfà lè wọlé, kí ojú ihò sì tún padé nígbà tí a bá fà á yọ. A ó gbé e kọ́ débi pé àárín rẹ̀ yóò ga ní mítà 1,73 sílẹ̀. Ẹni tí ń jù yóò dúró ní mítà 2,37 sí i. Ogún ìpín ni ó wà lójú pátákó, láti orí 1 dé 20, ṣùgbọ́n a kò tò wọ́n tẹ̀ léra. 20 wà lókè pátápátá, 5 wà lápá òsì rẹ̀, 1 wà lápá ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ń wá 20 tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ìyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ọ̀nà tí ó ń sọ iye di ìlọ́po mẹ́ta, òmíràn wà létí pátákó tí ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ojú àárín gan-an jẹ́ 50. Ọfà mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jù lẹ́ẹ̀kan kí ó tó yẹ̀ fún ẹnì kejì.

Àwa tí a ti rí bí àwọn àgbà ṣe ń ta ayò olópọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá kó jù ni ó ń jẹ. Ní ti ọfà yìí, òdì kejì ni. Orí 501 ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa yọ ohun tí wọ́n bá jù kúrò nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òdo ni ó jẹ abala yẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ dé òdo gẹ́ẹ́, kì í ṣe kí ó kọjá. Ọfà tí ó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọ òrùka ìlọ́po méjì tàbí ojú àárín. Bí ó bá ṣì í jù, tí iye náà kọjá, gbogbo ohun tí ó jù ní ìyẹ̀ yẹn di asán. Nítorí náà, ìyọkúrò ni gbogbo eré náà, àwọn tí ń ṣe é sì ń ṣe ìṣirò náà ní orí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń kọrin tí wọ́n sì ń mu bíà.

Ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín níwájú tẹlifíṣọ̀n. Iye tí ó pọ̀ jù lọ tí ọfà mẹ́ta lè mú wá ni 180: ìlọ́po mẹ́ta 20, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ń ka iye á fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde. Kí ni àwa ń pe 180? Ọgọ́sàn-án: ogún mẹ́sàn-án. Ọfà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ogún mẹ́ta, ogún mẹ́sàn-án náà nìyẹn. Òrùka ìlọ́po mẹ́ta 20 ni ọgọ́ta, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ogójì. Bí òrùka 20 bá ti kún fún ọfà, ẹni tí ń jù á sún sí 19, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 57; orúkọ tí a fún un, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ti sọ gẹ́lẹ́ ohun tí ó pàdánù: ó fi mẹ́ta dín sí ọgọ́ta. Àní 500 tí ó wà nínú 501 tí eré náà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyọkúrò ni, ọgọ́rùn-ún tí a yọ kúrò nínú ẹgbẹ̀ta. Àwọn ọmọ wa tí a ń kọ́ ní ìṣirò ní èdè Faransé, tí wọ́n sì máa ń rò pé ọ̀nà ìkàwé àwọn ìyá wọn ṣòro ju bí ó ṣe yẹ lọ, ì bá dára kí wọ́n gbé pátákó yìí kalẹ̀, kí wọ́n sì kà á ní Yorùbá. N kò mọ pátákó mìíràn ní ayé tí ó bá ẹnu wa mu báyìí.

Líìgì tí mo ń sọ yìí ni Premier League Darts, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Àwọn mẹ́jọ péré ni a ń pè sí i. Ní 2024, àwọn mẹ́rin tí ipò wọn ga jù lọ ní àgbáyé wọlé fúnra wọn: Humphries, Michael van Gerwen ará Holland, Michael Smith àti Nathan Aspinall. A fi ìwé pe àwọn mẹ́rin yòókù: Gerwyn Price ará Wales, tí ó ti gbá rugby rí, Peter Wright, Rob Cross, àti Littler. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú: Cardiff, Berlin, Glasgow, Dublin, Rotterdam àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́jọ náà á pàdé ní méjì-méjì, ẹni tí a bá lù á jókòó, títí yóò fi ku ẹnì kan. Ẹni tí ó borí gba máàkì 5 àti pọ́ùn 10 000, ẹni kejì gba 3, àwọn méjì tí ó dé ìdíje tí ó ṣáájú àṣekágbá gba 2. Ẹni tí a bá lù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba máàkì kankan, àní bí ó tilẹ̀ ju ọfà bí akin. Ó lè rin ìrìn àjò láti Aberdeen wá ilé pẹ̀lú òdo. Àwọn mẹ́rin tí ó bá ṣáájú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16 ni yóò pàdé ní London fún pọ́ùn 275 000, tí ó lé ní mílíọ̀nù 200 sẹ́fà.

Kí a tó dé ibẹ̀, a ní láti padà sí ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ náà, ní Alexandra Palace ní London, àwọn Luke méjèèjì ti pàdé nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Ọmọ ọdún 16 ni Littler nígbà náà. Ó ń ṣáájú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì 4 sí 2, ọfà kan ṣoṣo sínú ìlọ́po méjì 2 ni ó kù kí ó di 5 sí 2. Ọfà náà kò wọlé. Humphries dìde, ó jẹ sẹ́ẹ̀tì márùn-ún léraléra, ó sì gba adé ní 7 sí 4. Òrùka tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ ni ó ya àwọn méjèèjì.

Humphries kì í ṣe ọ̀tá nínú ìtàn yìí, bí ó tilẹ̀ wu àwọn kan láti fi í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òrùlé ni ó ń ṣe kí ó tó fi ọfà jẹun, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba bí àìbalẹ̀-ọkàn ṣe máa ń mú un lórí pèpéle, tí àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bí ẹni tí ó fẹ́ kú. Ó wá ìtọ́jú, ó sì padà wá. Lójú tèmi, ìyẹn tó adé kan lọ́tọ̀.

Ní ti Littler, ará Warrington ni. Ó ti ń ju ọfà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ oṣù 18, lójú pátákó onímágínẹ́ẹ̀tì tí kì í gún ọmọdé lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọfà kan ní St Helens. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọmọ kan já láti ojú ọ̀run, ọdún 15 iṣẹ́ ni wọ́n ń wò tí wọn kò rí. Ó pé ọdún 17 ní ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà ni líìgì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a má pè é, pé ọ̀sẹ̀ 16 láàárín àwọn àgbà lè fọ́ ọmọdé. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, van Gerwen, tí ó ti gba líìgì yìí nígbà 7, ni ó dà bí ẹni tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń dé ibi tí ó dára, ṣùgbọ́n kò jẹ alẹ́ kankan. Nígbà tí líìgì ti kọjá ìdajì, ní Belfast, ni ó tó jẹ alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ kò wẹ̀yìn mọ́. Òun ni ó wà ní orí tábìlì nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 23 oṣù Èbìbí, ní gbọ̀ngàn O2 ní London, Littler lu Michael Smith ní 10 sí 5, Humphries náà lu van Gerwen ní 10 sí 5. Àwọn Luke méjì tún kù. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ abala 11 ni yóò gbé ife. Láàárín eré náà ni Littler ṣe ohun tí gbogbo ẹni tí ń ju ọfà ń lálàá rẹ̀: ó ti 501 dé òdo pẹ̀lú ọfà mẹ́sàn-án, iye tí ó kéré jù lọ tí ó lè ṣeé ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 141; ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti yọ 141 ni ọgọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, àti ìlọ́po méjì 12. Phil Taylor nìkan ni ó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú àṣekágbá líìgì yìí, ní 2010, tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan. Eré parí ní 11 sí 7. Kò tíì sí ẹni tí ó kéré tó o tí ó gba líìgì náà rí.

Mo mú eré náà wọ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo ya pátákó náà, mo ní kí wọ́n yọ 501 dé òdo ní Yorùbá, ariwo sì sọ. Lẹ́yìn náà mo ya nǹkan mìíràn. Mo ní: ká ní ìsọ̀ tẹ́tẹ́ kan sọ pé òun yóò san 1,80 fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn Luke méjì. Ẹ fi 1 000 sẹ́fà lé Luke yìí, kí ẹ sì fi 1 000 lé Luke yẹn, kí ẹ má bàa pàdánù rárá. 2 000 ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá borí, 1 800 ni yóò padà wá. Ọmọbìnrin kan ní iwájú dáhùn pé, “Igba sẹ́fà ti lọ kí wọ́n tó ju ọfà kan.” Ọmọ tí ó ti gbé orí lé tábìlì kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2025, àwọn Luke méjì tún pàdé nínú àṣekágbá, ní gbọ̀ngàn kan náà. Humphries ni ó borí lọ́tẹ̀ yìí, 11 sí 8. Ọmọ náà ti kúrò ní kíláàsì mi. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: “Monsieur, ẹ káalẹ́ o. Ṣé ẹ wò ó? Mi ò fi nǹkan kan lé e. Mo kàn ń ka ọgọ́sàn-án ni.”