Kọ̀ǹpútà tuntun dé, ẹrù inú ti àtijọ́ ńkọ́?

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kì í jẹ èbù rẹ̀. Bí ebi fẹ́ pa á, ó mọ̀ pé èyí tó yà sọ́tọ̀ yẹn ni iṣu ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ yìí kan náà lè kó fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti iṣẹ́ àṣekágbá tó kọ ní pólì Ṣakí sórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni orí rẹ̀ máa ń gbóná.

Ọ̀pọ̀ ló sì ń pààrọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10. Àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò ló ṣì ń rí àtúnṣe ààbò gbà. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun èlò ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tọ́jọ́ ti lọ lórí wọn kò sì ní in.

Kì í ṣe gbogbo inú kọ̀ǹpútà lẹ máa kó. Word, Excel àti irú wọn, ẹ ó tún wọn fi sórí ti tuntun ni. Ohun tó jẹ́ tiyín ni kí ẹ wá. Ẹ wo ẹni tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn. Oníbàárà á pè é láti London pé irú ẹtù tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun lọ́dún 2019 lòun ń fẹ́. Ẹni tó hun ún lórí òfì lè ti gbàgbé. Fọ́tò tó wà nínú Downloads láàárín ọgọ́rùn-ún ìdọ̀tí mìíràn, òun lọjà.

Ẹ lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kó o, ẹ sì lè fọwọ́ gbé e. Ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹrù bá jẹ́ 100 GB, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé megabit 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí 111 ni, ó lé ní ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀, bí iná kò bá lọ rárá. Háàdì àfọwọ́gbé tó ń gbé megabyte 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá á parí rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lápá Côte d'Ivoire. Ohun tó wà lórí Google Drive kò sọnù lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó o.

Àfọwọ́gbé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà á mọ̀ ọ́n: ẹ délé, gbogbo fóldà ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì, olúkúlùkù pẹ̀lú ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sáré fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáírọ́ọ̀sì kàn fi fáìlì yín pamọ́ ni. Ẹ fi antivirus nù ún, kí ẹ wá ní kí Windows fi "Hidden items" hàn. Fídíò tó ju 4 GB lọ kì í wọ fláàṣì tí wọ́n fi FAT32 ṣètò, bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù. ExFAT ló gbà á.

Copy ni kí ẹ lò, kì í ṣe Cut. Èmi lo Cut nígbà kan, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú, iná ìlú ló ń gbé e. Iná lọ. Nígbà tó padà dé, fọ́tò kan ṣí fún mi: gèlè ìyá mi wà, ojú rẹ̀ wà, láti ọrùn sísàlẹ̀ di eérú.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ òfin ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n ń pè ní 3-2-1 di olókìkí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé. Háàdì tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín n'Íbàdàn ti tó fún ìyẹn. Ẹ má gbára lé OneDrive nìkan o: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbí, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà.

Ó wá ku ti àtijọ́. Lọ́dún 2005, àwọn ará àjọ Basel Action Network ra háàdì tòkunbọ̀ l'Ékòó, wọ́n bá ìwé àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akọ̀ròyìn láti Kánádà ra òmíràn ní Gánà. Ìwé iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ló wà níbẹ̀. Delete kì í kó ẹrù jáde, orúkọ ara ilẹ̀kùn ló ń pa. "Reset this PC" ni kí ẹ lò, kí ẹ mú "Remove everything", kí ẹ sì yan pé kó fọ háàdì mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù oṣù kan. Ẹ ṣí àwọn fọ́tò lórí ti tuntun, ẹ yí fídíò dé ìparí, kí ẹ tó pe ẹni tó fẹ́ rà á.